Àlejò Ẹ̀yìn Aṣọ Ìkélé

Yàrá Kẹta,
Àgbàlá Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
Òpópónà Rélùwéè.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ràn,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé rẹ. Ṣé ara le? Ìyá wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Bàbá ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta? Ọmọ náà ńkọ́? Ó ti yẹ kí eyín rẹ̀ yọ báyìí. Bí kò bá tíì yọ, má dààmú, ẹni tó máa gé ọ jẹ kò ní pẹ́ dé. Tèmi náà, a dúpẹ́. Ara le. Ọkàn ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Má rò pé torí mo ti lọ́kọ ni mo ṣe gbàgbé rẹ. Ojú ló ń tì mí láti kọ̀wé. Ìwọ náà mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà tí bàbá mi fi kú, àtìgbà náà ni mo ti ń di bírò mú bí ẹni di ejò mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ju ohun tí mo lè gbé mì lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ìyẹn ní ọ̀túnla, wọ́n máa pè mí síwájú àwọn èèyàn ńlá kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọkọ mi pé kí n wá sọ̀rọ̀. Èmi o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọ bó ṣe jẹ́, bóyá ahọ́n mi á ti mọ ọ̀nà kó tó dọjọ́ náà.

Yàrá kan ṣoṣo ni a ń gbé. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló kan ibùsùn wa, torí iṣẹ́ káfíńtà ló fi ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ nílé ìwé, ó sì ku ọdún kan kó parí. Aṣọ ìkélé aláwọ̀ ewé tí o fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni a fi pín yàrá náà: ibùsùn wà lẹ́yìn rẹ̀, àga àti sítóòfù wà níwájú. Aṣọ náà ti ṣiṣẹ́ ju bí o ṣe rò lọ. Bí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi bá dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń sá sí bí adìẹ tó rí àwòdì. Wọ́n á ní, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ wà nílé?" Nígbà kan mo dáhùn láti ẹ̀yìn aṣọ pé, "Mi ò sí nílé." Títí di òní ni wọ́n fi ń fi ìyẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ náà ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Kí n tó wá síbí, mo rò pé orin àti ariwo nìkan ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Orin wà lóòótọ́, ariwo sì wà. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń lọ kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn arúgbó tí kò lẹ́nìkan. Bí ọtí bá fẹ́ pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò, wọ́n á máa tẹ̀ lé e kiri bí òjìji títí á fi gbà kí wọ́n mú òun lọ síbi ìtọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì àti àwọn aránṣọ ní ìwé kíkà; èmi náà máa ń jókòó lẹ́yìn níbẹ̀. Ọkọ mi ni olórí ẹ̀ka tó ń ṣe gbogbo ìrànwọ́ yìí. Brọ́dà àti Sístà ni wọ́n ń pe ara wọn, kódà ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá jà tán.

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní Dádì. Alágbàfọ̀ ni, ilé ìfọṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kì í ṣe ọmọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n àga iwájú ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún un nínú ìsìn, torí ọ̀fẹ́ ló ń bá wọn fọ aṣọ àwọn akọrin. Adúmáadán, mi ò rí aṣọ tó funfun tó bẹ́ẹ̀ rí. Sítáàṣì ara rẹ̀ le débi pé bí akọrin bá ti jókòó tán, aṣọ ṣì fẹ́ wà lóòró. Lójúkojú, "ẹ" ni mò ń bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀. Nínú lẹ́tà yìí, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ló ń gbọ́, jẹ́ kí n pè é ní "ó", torí ọ̀wọ̀ náà ti tán nínú mi.

Sístà kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Sístà Nọ́ọ̀sì la ń pè é, ló lọ gba aṣọ náà lọ́jọ́ kan. Kò rí ẹnikẹ́ni níwájú, ó bá gba ẹ̀yìn. Ó bá ọmọbìnrin kékeré kan nídìí tábìlì, kò tíì tó ọ̀dọ́, ó ń lọ aṣọ akọrin. Láti ọrùn ọwọ́ ọmọ náà dé ìgúnpá rẹ̀, ojú iná ni, tuntun lórí èyí tó ti jinná. Sístà bi í léèrè. Ọmọ náà ní áyọ́ọ̀nù ni, pé òun tòògbé sórí rẹ̀. Sístà wò ó pé oorun kì í to ojú iná síra wọn bí ẹni to bíríkì. Àtọjọ́ náà ló ti ń gbé aṣọ kọ̀ọ̀kan lọ fún fífọ̀ kó lè máa ráyè di egbò náà. Nígbà tí aṣọ tirẹ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá ti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Wọ́n ní Sístà yìí, ìmọ́tótó ti fẹ́ dà á lórí rú.

Díẹ̀díẹ̀ lọmọ náà la ẹnu. Dádì ló lọ mú un wá lábúlé, ó ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé òun máa fi í sílé ìwé. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, ilé ìwé kan ṣoṣo tó mọ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń ru aṣọ lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á ti òun àti àwọn ọmọ méjì mìíràn mọ́ inú ilé ìfọṣọ. Aṣọ tó bá ní àbàwọ́n tí kò jáde, ọwọ́ ẹni tó fọ̀ ọ́ ni áyọ́ọ̀nù máa bọ́ sí.

Yàrá wa làwọn olórí ẹgbẹ́ ti ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Èmi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Alága wọn ní, "Bàbá tó ń ṣe wá lóore ni. Iṣẹ́ tiwa ni ọkàn èèyàn, iṣẹ́ ìjọba ni èyí tó kù."

Sístà Nọ́ọ̀sì ní, "Brọ́dà Alága, inú kí ni ọkàn ọ̀hún ń gbé? Ṣé kì í ṣe inú ara tí wọ́n ń jó yìí náà ni?"

"Mi ò ní ká dákẹ́. Mo ní ká gbàdúrà sí i."

Ọkọ mi wá ní, "Ẹ jẹ́ ká gbà á. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣàmín tán, ta ló máa lọ kan ilẹ̀kùn?"

Òun àti Sístà ló lọ kan ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Obìnrin tí wọ́n bá níbẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn yé. Ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá lọ́jọ́ Ajé, ìgbà yẹn làyè máa wà nílé ìtọ́jú. Bí ewu bá dé kó tó dìgbà náà, kí wọ́n fi í síbi tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀.

Ewu ò dúró dọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ náà ru aṣọ wá fún olórí akọrin níbi tí wọ́n ti ń kọ́ orin, kí àwọn akọrin yòókù tó dé, ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò padà mọ́, bó wù wọ́n kí wọ́n pa òun. Ọwọ́ kejì náà ti jó. Olórí akọrin sáré pe ọkọ mi, bí ọkọ mi ṣe mú un wá bá mi nìyẹn. Yàtọ̀ sí àwa méjèèjì, Sístà àti olórí akọrin nìkan ló mọ̀.

O ò rí bí ìyàwó tuntun ṣe gbàlejò. Èmi àti ọmọ lórí ibùsùn, ọkọ ìyàwó lórí ẹní nídìí sítóòfù. Ó ní ká má bínú, òun ì bá ti kan ibùsùn náà fún mẹ́ta bí òun bá mọ̀ pé ọmọ máa tètè dé báyìí. Mo fi ìró bojú.

Kékeré ni mò ń pe ọmọ náà. Kò lè rí aṣọ nílẹ̀ kó má ká a. Ó ká gbogbo aṣọ wa, ó ká àkísà tí a fi ń nulẹ̀. Bó bá sùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀ lórí ìrọ̀rí. Ó bi mí pé, "Àǹtí, bí wọ́n bá wá, ṣé ẹ máa fà mí lé wọn lọ́wọ́?" Mo ní rárá. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán lẹ̀rù bà mí, torí ta ni mo jẹ́ tí mo fi ń ṣèlérí?

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ mi àti Sístà lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n bí wọ́n ṣe máa ń lọ. Ó ní kí èmi yọjú sí ìsìn kí wọ́n lè rí mi, kí n sì tètè padà. Mo fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn níta kí ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé kò sẹ́nìkan nílé. Mo gbọ́ bí Kékeré ṣe fà sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró mi, mo lọ.

Jẹ́ kí n sọ àṣà wọn kan fún ọ. Lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀rí jíjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí Ọlọ́run bá ṣe nǹkan fún èèyàn lọ́sẹ̀ tí kò dìde sọ ọ́, wọ́n gbà pé ó jí ògo Ọlọ́run pa mọ́ ni. Olórí akọrin sì ni ẹni tí ayọ̀ kì í pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó jáde lẹ́nu. Àga Dádì ṣófo lọ́jọ́ náà, ara ti tu gbogbo wa díẹ̀. Olórí akọrin dìde, ó sì di ojú, torí bó ṣe máa ń jẹ́rìí nìyẹn. Bó ṣe dijú ni Dádì wọlé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Mo rí i. Mo na ọwọ́ sókè, ẹni tó dijú ò rí i. Olórí akọrin ń wí pé, "Ẹ bá mi yin Olúwa. Olúwa yọ ọmọ kékeré kan nínú iná lọ́sẹ̀ yìí. Ó ti jẹun yó, ó ti rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wa, Olúwa á bù kún ibùsùn tí ẹ bá a pín."

Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, gbogbo orí yí sí mi. Dádì náà pàtẹ́wọ́, jẹ́jẹ́, ó ń wò mí. Nígbà tí olórí akọrin la ojú tó rí i, ara rẹ̀ rọ wọ̀ọ̀. Sítáàṣì aṣọ rẹ̀ nìkan ló ṣì gbé e dúró.

Mo dìde láàárín ìjọ, èmi tí mi ò lè gba iwájú èèyàn méjì kọjá. Kí n tó délẹ̀kùn, Dádì ti wọ mọ́tò. Mo bọ́ bàtà sọ́wọ́, mo gba ojú irin rélùwéè. Bí mo ṣe ń sáré, kọ́kọ́rọ́ ń gbá mi nítan, mo sì ń rò ó pé èmi ni mo ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé, kò tiẹ̀ lè sá.

Mo bá Dádì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa níta, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, aṣọ rẹ̀ ò rún rárá.

"Ìyàwó, ẹ kú ìsìn o."

Àgbàlagbà ni. Kí n tó ronú, mo ti kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìsìn, sà."

"Ọmọ mi ló wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ ṣé tí ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ká máa lọ." Mo fi ọwọ́ bo kọ́kọ́rọ́ tó wà létí ìró mi. Ó ní, "Ẹ dìde, ọmọ mi, ìkúnlẹ̀ náà tó."

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹnu ọ̀nà gan-an ni mo kúnlẹ̀ sí, ẹ̀yìn mi kan ilẹ̀kùn. Bí mi ò bá dìde, àfi kó gba orí mi kọjá. Àgbàlagbà wo ló máa gba orí ìyàwó tuntun tó kúnlẹ̀ fún un kọjá lójú gbogbo àgbàlá? Adúmáadán, mi ò dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí ọkọ mi dé." Ó tún ní kí n dìde. Mo tún wólẹ̀ sí i.

Làwọn ará ilé bá jáde. Dádì rọra ṣàlàyé fún wọn pé àwọn ọmọ ilé ìwé ti tan ọmọ òun lọ. Aránṣọ tó wà ní yàrá kejì ní, "Ẹ ò rí àwọn oníwàásù. Wọ́n á ní ká má jalè, àwọn wá ń jí odidi èèyàn." Ìyá onílé ní, "Ìyàwó, kí lẹ gbé wọnú ilé mi? Ẹ fún wọn lọ́mọ wọn jàre, mi ò fẹ́ ọlọ́pàá níbí."

Dádì ní, "Ẹ má bá a wí, ọmọdé ni. Ẹ ṣáà bá mi gba kọ́kọ́rọ́ lára ìró rẹ̀."

Ìyá onílé bẹ̀rẹ̀, ó di etí ìró mi mú. Mo sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Ó ní, "Kí lẹ wí?" Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀, mà." Mo wá gbé orí sókè, mo pè é. "Kékeré, na ọwọ́ rẹ síta lójú fèrèsé."

Mo rò pé kò ní dá mi lóhùn, torí kí nìdí tó fi máa gba ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn gbọ́? Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí òrùka aṣọ ìkélé dún. Ó na méjèèjì jáde láàárín irin fèrèsé. Kò sunkún. Ó kàn nà wọ́n bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n da omi sí òun lọ́wọ́.

Ìyá onílé ju etí ìró mi sílẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó, ó ní, "Èyí lẹ pè lọ́mọ yín?"

Dádì ní oníwàkíwà lọmọ náà, pé áyọ́ọ̀nù ló ń jó o.

Aránṣọ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ń fi áyọ́ọ̀nù jẹun. Ẹ wo ọwọ́ tèmi, ojú iná dà níbẹ̀?"

Bí wọ́n ṣe wà lẹ́nu ìyẹn làwọn akọrin já wọnú àgbàlá, pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, wọ́n ń mí gúlegúle. Olórí akọrin rí ọwọ́ tó nà jáde lójú fèrèsé. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó bọ́ aṣọ akọrin ọrùn rẹ̀, ó gbé e lé orí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dádì. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà bọ́ tirẹ̀. Gbogbo wọn bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí bẹ́ǹṣì ò fi lè gba Dádì àti aṣọ mọ́. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ẹ máa gbọ́ mi." Ó sì lọ. Ìyá onílé gbé àga tirẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wa, kò dìde níbẹ̀ títí ọkọ mi fi dé.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin ilé iṣẹ́ ọmọdé gba Kékeré, ó sì mú ọlọ́pàá lọ kó àwọn méjì tó kù. Ì bá dára bó bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Dádì lẹ́nu lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ti kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì pé ẹgbẹ́ náà jí ọmọ òun gbé, pé òun sì máa gba ọmọ òun padà. Ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa jókòó lé e. Bí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, wọ́n á ti ẹgbẹ́ náà pa, wọ́n á lé ọkọ mi nílé ìwé. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn ni pé Dádì á gbé ìdájọ́ wọn lọ sílé ẹjọ́ láti fi gba Kékeré. Alága wọn fúnra rẹ̀ wá bá mi. Ó ní òun ṣàṣìṣe. Ó ní ohun tí Dádì sọ lẹ́nu ọ̀nà wa àti ohun tó ṣe, èmi ni mo wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àfi kí n wá sọ ọ́. Ọkọ mi ní, "Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò ní bínú." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ìdí tí mo fi fẹ́ ṣe é nìyẹn.

Àwọn akọrin fúnra wọn ló fọ aṣọ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó rún bí ojú arúgbó, ọ̀kan tiẹ̀ ti di aláwọ̀ ojú ọ̀run torí wọ́n fi ṣòkòtò búlúù bọ omi rẹ̀. Orin wọn dùn mọ́ mi létí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aṣọ ìkélé rẹ ńkọ́? Kékeré ló ká a kó tó lọ, igun rẹ̀ bára mu, kò wù mí láti tú u. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n ríbi sá sí nígbà táwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi dé. Mo bá wọn jókòó, mo tiẹ̀ jẹun.

Mo lọ wo Kékeré lánàá. Wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò lè ká nǹkan kan, ara ń yún un. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àǹtí, ṣé orúnkún yín ti jinná?" Mi ò mọ̀ pé ó ń wo gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Gbàdúrà fún mi ní Ọjọ́bọ̀. Ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà yìí ni mo fẹ́ sọ, bó ṣe tò tẹ̀ léra. Bí ohùn mi bá sì há lójú àwọn èèyàn ńlá náà, mo ti mọ ohun tí orúnkún mi lè ṣe.

Bá mi kí ìyá wa, kí wọ́n rọra fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Kí bàbá ọmọ, kó fi ẹ̀gbẹ́ sùn kí àwọn ará ilé lè rójú sinmi. Bá mi fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu, bó bá ti léyín, ṣọ́ra.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ láti ìgbà tí a ti jọ ń pín bẹ́ǹṣì kan,

Olójútì.